Ṣé Àìgbàgbọ́ Ni Láìfù Jákẹ́ẹ̀tì?

  Bí a bá lè pe ọjọ́ mẹ́rin tí oòrùn ń yọ ní Manchester yìí ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọpẹ́ náà ni fún Ọlọ́run.

Ẹ ti gbọ́ nínú ìkéde pé kọmitì ìjáde ìgbafẹ́ ti jókòó, a sì ti fi ohùn ṣọ̀kan pé lọ́dún yìí adágún Windermere ni a ó lọ. A ó gba bọ́ọ̀sì láti iwájú ilé ìjọsìn, a ó jẹun ní etí omi, lẹ́yìn náà àwọn tí ó bá wù yóò wọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a ń yá fún wákàtí kan tàbí méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ètò ààbò, èmi dìde, mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ní wọ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ìbáà jẹ́ alàgbà ìjọ. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti dé. Ẹni tí Ọlọ́run ń ṣọ́, ṣé ẹ̀wù ni yóò tún máa ṣọ́ ọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì fún wa lórí pẹpẹ, ìgbàgbọ́ yín dà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Mo wò ó pé àwàdà kọ́ ni Bàbá ń ṣe. Ìbéèrè ńlá ni wọ́n béèrè, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń béèrè rẹ̀ nínú ọkàn láìsọ ọ́ jáde. Bí ẹ̀mí wa bá wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ni ìmúra wa wà fún? Ṣé ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ de ewu kò ti máa fi hàn pé òun kò gbẹ́kẹ̀lé Olùṣọ́ òun tán? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa ní oṣù yìí.

OHUN TÍ OMI TÚTÙ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀sì, kí n tó sọ̀rọ̀ bí òǹkàwé. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Ní ilẹ̀ yìí, òwe náà ní ìtumọ̀ kan tí àwọn bàbá wa kò mọ̀, nítorí pé omi wọn kì í ṣe omi tútù.

Omi tí ooru rẹ̀ kò bá tó 15 lórí ìwọ̀n Celsius ni àwọn onímọ̀ ń pè ní omi tútù. Omi òkun tí ó yí Bírítéènì ká kò ju nǹkan bí 12 lọ, bí a bá pín ti gbogbo ọdún dọ́gba. Adágún Windermere ni ó tóbi jù ní ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì. Gígùn rẹ̀ ju máìlì mẹ́wàá lọ, jíjìn rẹ̀ sì ju 60 mítà lọ ní ibi tí ó jìn jù. Oòrùn lè mú ojú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù bí omi inú fíríìjì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ìwẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ àdúgbò, omi tí ooru rẹ̀ súnmọ́ 30 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà níbẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n omi adágún kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ènìyàn bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì, ohun àkọ́kọ́ tí ara ń ṣe ni pé ó máa ń mí kanlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́ mí. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi ní àkókò náà, omi ni yóò fà sínú. Lẹ́yìn náà, mímí yóò máa yára, ọkàn yóò máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ yóò ru sókè. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó di pé ó gbé omi mì rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà kan láti rántí rẹ̀: ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan. Ìṣẹ́jú kan ni ènìyàn ní láti mú mímí rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ṣì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó lè tó wákàtí kan kí òtútù tó mú ènìyàn dákú.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ni òtútù kò tíì ráyè pa tí wọ́n ti kú. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó mú wọn lọ, tàbí ìgbà tí apá wọn kò gbé wọn mọ́. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé orí ènìyàn sókè ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, òun náà ni ó sì ń gbé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú kẹwàá, títí olùgbàlà yóò fi dé. Ẹni tí ó bá ní òun yóò wọ̀ ọ́ nígbà tí ewu bá dé, kò mọ̀ pé ọwọ́ tí yóò fi dè é ni omi yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

PỌ́Ọ̀LÙ NÍNÚ ÌJÌ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́. Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n nílé, ẹ kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, nítorí mo gbà pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn jù lọ.

Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn pé àkókò kò dára mọ́ fún ìrìn. Balógun ọ̀rún kò gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó gbọ́. Ìjì dé. Nígbà tí gbogbo ìrètí ti pin, áńgẹ́lì Ọlọ́run dúró ti Pọ́ọ̀lù ní òru, ó sì ṣèlérí fún un pé ọkọ̀ yóò ṣòfò, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹnì kan tí yóò kú.

Ẹ̀yin ará, ìlérí wo ni ó tún dájú ju èyí lọ? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe lẹ́yìn ìlérí náà. Nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ láti sá lọ, ó sọ fún balógun pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, kò sí ìgbàlà fún ẹ̀yin. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun fún ìlera ara wọn, nítorí pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọn kò ti jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n da ọkà sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ní ìkẹyìn, àwọn tí ó mọ ìwẹ̀ ni a kọ́kọ́ ní kí wọ́n bẹ́ sínú omi, àwọn tó kù sì di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú. Báyìí ni gbogbo 276 ṣe gúnlẹ̀.

Mo máa ń wí fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé pákó yẹn ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà. Ọlọ́run tí ó ṣèlérí pé wọn kò ní kú, òun náà ni ó jẹ́ kí pákó wà. Ẹni tí ó bá kọ pákó ní ọjọ́ náà, tí ó ní ìlérí ti tó òun, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ju ti Pọ́ọ̀lù lọ. Kò kàn mọ ọ̀nà tí ìlérí náà fẹ́ gbà wá bá a ni.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Jésù sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé Máàkù kan náà sọ fún wa pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rọ́ tọ̀ ọ́ wá, ó sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n ní ọkọ̀ kékeré kan ní ìmúrasílẹ̀ fún òun, kí ogunlọ́gọ̀ má baà há òun mọ́. Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a múra ọkọ̀ sílẹ̀! Nígbà tí olùdánwò sì ní kí ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì nítorí pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e, ó kọ̀. Kò sọ pé àwọn áńgẹ́lì kò lè gbé òun. Ó ní a kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò.

ODÒ ỌYA ÀTI ÀJÀYÍ CROWTHER

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti Bíbélì ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí a wo ti ọmọ Òṣogùn, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kí a tó lè ka Bíbélì ní èdè wa. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya. Crowther wà nínú ìrìnàjò náà. Wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó lọ, àwọn ìjọ gbàdúrà fún wọn, àwọn ènìyàn Ọlọ́run sì wà láàrin wọn. Ibà kọlù wọ́n lórí odò. Àwọn òyìnbó tí ó kú lé ní 40, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn.

Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní Pleiad tún gba Odò Ọya kan náà lọ, Dókítà Baikie ni ó sì ṣe olórí rẹ̀. Crowther tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà kò dúró de ibà. Kuníìnì ni ó ń fún wọn lò kí ibà tó dé. Wọ́n lò ju 100 ọjọ́ lọ lórí odò, kò sì sí òyìnbó kan ṣoṣo tí ó kú.

Mo bi yín, ẹ̀yin ará mi: ṣé àdúrà ọdún 1841 kò tó ni? Ṣé Ọlọ́run tí ó wà lórí Odò Ọya ní 1854 yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́? Rárá. Ọlọ́run kan náà ni, àdúrà kan náà ni, odò kan náà ni. Ìmúra ni ó yàtọ̀. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò wí pé nítorí kuníìnì, ìgbàgbọ́ Crowther ti rẹ̀yìn. Ní 1857, ọkọ̀ mìíràn tí ó wọ̀, Dayspring, forí sọ àpáta ní ìtòsí Jebba. Ó yè é, kò sì torí rẹ̀ fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀. Ní 1864 ni wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Ti Dayspring yìí tún kọ́ wa ní ohun kan. Ìmúra kì í ṣe owó tí a fi ń ra ẹ̀mí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ènìyàn lè múra kí ọkọ̀ sì tún forí sọ àpáta. Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe gbogbo ohun tí ó tọ́ náà máa ń kú nígbà mìíràn, èmi kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òkú lẹ́bi nítorí ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ ara rẹ̀, apá kan sì wà tí ó fi sí ọwọ́ wa. Ẹni tí ó bá da tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bá òun ṣe é, kò gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run. Ó sọ Ọlọ́run di ọmọ ọ̀dọ̀.

"Ẹ̀MÍ MI NI, ÈMI NI MO NI Í"

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí a bí síhìn-ín kò ní sọ ti ìgbàgbọ́. Tiwọn ni pé, "Àǹtí, ẹ̀mí mi ni, bí mo bá fẹ́ fi wewu, kí ló kàn yín?" Èyí náà tọ́ kí a dáhùn.

Nínú òfin Mósè, ní Deutarónómì orí kejìlélógún, a pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe ọgbà yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú láti ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wá sórí ilé náà. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò sọ pé kí àlejò máa ṣọ́ra. Onílé ni ó dá lẹ́bi. Ìmúra jẹ́ ìfẹ́ sí ọmọnìkejì ẹni kí ó tó jẹ́ ìfẹ́ sí ara ẹni.

Bí ìwọ bá ṣubú sínú omi láìwọ nǹkan kan, ta ni yóò bẹ́ tẹ̀lé ọ? Bàbá rẹ ni, tí kò mọ ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, tí ó ní ọmọ méjì. Ẹ̀mí kan kọ́ ni ìwọ nìkan fi wewu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ka á nínú ìwé ìròyìn pé ẹnì kan ṣubú sómi, ẹlòmíràn sì kú níbi tí ó ti fẹ́ gbà á. Ẹni tí ó bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ti gba àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ yíyàn búburú yẹn.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí í ṣe é. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí ọkọ̀ Herald of Free Enterprise, tí ó dojú dé ní Zeebrugge ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1987. Ènìyàn 193 ni ó kú. Ìlẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ ni wọn kò tì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tì í ń sùn, àwọn tí ó yẹ kí ó wò ó sì rò pé ó ti tì í. Kò sí òǹrorò kan láàrin wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn rò pé ẹlòmíràn ti ṣe é ni.

Ẹ̀ṢẸ̀ TÈMI

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan nísinsìnyí, nítorí òun ni ó mú mi dìde ní ìpàdé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn obìnrin kan lọ ṣe ìgbafẹ́ ní adágún kan ní apá àríwá. Ìyá kan wà láàrin wa tí wọ́n wọ léèsì tuntun, tí wọ́n sì wé gèlè tí ó dúró bí adé. Nígbà tí wọ́n ń pín láìfù jákẹ́ẹ̀tì, Ìyá ní àwọn kò ní fi ìdọ̀tí yẹn ba léèsì àwọn jẹ́. Ọmọkùnrin tí ó ń pín in wo ojú mi. Ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti sọ fún un. Èmi náà wo ilẹ̀. Mo wí nínú ọkàn mi pé, ta ni mí tí n ó fi máa sọ fún àgbà ohun tí wọn yóò wọ̀?

Ìyá gbé ẹsẹ̀ láti wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sún, wọ́n sì bọ́ sáàrin ọkọ̀ àti èbúté. Omi bò wọ́n lórí. Ọmọkùnrin yẹn ni ó di ìró wọn mú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí a fi fà wọ́n jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé wọn sórí pákó, wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ń mí gùle-gùle, ojú wọn sì ti yí padà. Ọlọ́run yọ wọ́n, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wọn kò bá wa jáde mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn wá bá mi, kò bínú, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bi mí pé, "Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ kò sọ fún màmá mi ni?"

N kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Ohun tí mo pè ní ọ̀wọ̀, ìtìjú ni. Mo bọ̀wọ̀ fún gèlè Ìyá ju bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí wọn lọ. Ọ̀wọ̀ gidi kò bá ti kúnlẹ̀ lórí pákó yẹn, kó ní, "Ẹ dákun mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín de okùn rẹ̀. Bí léèsì bá bàjẹ́, èmi ni n ó san án." Àṣà wa kò sọ pé kí ọmọdé dákẹ́ títí àgbà yóò fi ṣubú. Ó sọ bí ọmọdé ṣe máa sọ̀rọ̀ ni.

ÀWỌN TÍ KÒ RÍ I RÀ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ará wa kan ń padà láti ibi ìgbéyàwó ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ń lọ sí ilé wọn ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òru ni, èrò pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ, lórí Odò Ọya kan náà tí Crowther gbà. Ọkọ̀ náà dànù. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣèré Junior Pope àti àwọn mìíràn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi ní agbègbè Anam ní ìpínlẹ̀ Anambra, nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ fíìmù bọ̀. Gbogbo Nàìjíríà sunkún.

Àwọn ará Pàtígì kò wá ìgbafẹ́ lórí omi. Odò ni títì wọn, ọkọ̀ tí wọ́n rí ni wọ́n wọ̀. Ẹni tí kò rí láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tí ó gbàdúrà tí ó sì wọ ọkọ̀, àdúrà rẹ̀ jẹ́ àdúrà òtítọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó ní. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? A ó dé etí omi, wọn yóò gbé e fún wa, yóò wà lọ́wọ́ wa, a ó wá sọ ọ́ sílẹ̀ nítorí léèsì àti nítorí fọ́tò. A kò lè pe èyí ní ìgbàgbọ́. Ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ ní Pàtígì, bí ó bá rí wa, kí ni yóò pè é?

BÍ A Ó TI MÚRA

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé abala yìí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Èkíní, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ gbọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Bí afẹ́fẹ́ bá le, a ó jẹ jọ́lọ́ọ̀fù wa ní etí omi, a ó kọrin, a ó sì padà sílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èkejì, kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n ara ni a fi ń yàn án, a kì í ra ti ọmọdé ní títóbi kí ó lè dàgbà sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fi ọwọ́ fa èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá dé etí ọmọ náà, ó ti tóbi jù. Kí ti àwọn ọmọdé ní okùn tí ó gba àárín itan. Orí aṣọ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ kóòtù. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé oríṣi méjì ni ó wà: ọ̀kan kàn ń ran ẹni tí ó mọ ìwẹ̀ lọ́wọ́ láti léfòó ni, èkejì ni a ṣe kí ó lè yí ẹni tí ó dákú padà kí ojú rẹ̀ kọ sókè. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ má ṣe pọn ọmọ nínú ọkọ̀. Ọmọ tí a fi ọ̀já dè mọ́ ẹ̀yìn, inú omi ni ojú rẹ̀ yóò wà nígbà tí tìyá rẹ̀ bá wà lókè. Ẹ gbé e sí iwájú yín nínú láìfù jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, iye ènìyàn tí a kọ sára ọkọ̀ kò sí fún ìdúnàádúrà. Ọmọ tí a gbé lé ẹsẹ̀, ènìyàn kan ni. Ẹ jókòó, ẹ má dìde ya fọ́tò. Ọtí kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, oògùn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kí ó mú ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kí ó mú nǹkan dídùn dání. Àwọn ọmọ wa tí ó ní sickle cell, òtútù, afẹ́fẹ́ àti òùngbẹ lè dá ìrora sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wọ aṣọ tí ó móoru fún wọn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa mu omi. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ènìyàn tọ̀, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fò ó ní ọjọ́ ìrìnàjò, kí ẹ má baà máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ṣe dá a fò. Ẹ bi dókítà tàbí apoògùn yín bóyá ẹ lè sún wákàtí rẹ̀ síwájú.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹnì kan tí kò ní wọ ọkọ̀ dúró ní etí omi pẹ̀lú orúkọ gbogbo wa àti wákàtí tí ó yẹ kí a dé. Kí olúkúlùkù àgbà mọ ọmọ méjì tí òun yóò máa ṣọ́, ní orúkọ. Ẹ rántí Zeebrugge.

Èkeje, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú. RNLI, ẹgbẹ́ tí ó ń gba ẹ̀mí là lórí omi láti ọdún 1824, kọ́ wa pé kí ẹni tí ó wà nínú omi má ṣe sáré wẹ̀. Kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí ó fi orí sẹ́yìn títí omi yóò fi bo etí rẹ̀, kí ó máa ju ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, títí mímí yóò fi rọlẹ̀. Kí ẹni tí ó wà lókè má ṣe bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, tàbí ohunkóhun tí ó léfòó. Ẹ na ìborùn sí i bí kò bá jìnnà. Ẹ pe 999: bí ó bá jẹ́ adágún, odò tàbí kánáàlì, ẹ béèrè fún panápaná, bí ó bá jẹ́ etí òkun, ẹ béèrè fún Coastguard.

Ìkẹjọ, kí a gbàdúrà. N kò fi í sí ìkẹyìn nítorí pé ó kéré. Mo fi í síbẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó ti ṣe méje ìṣáájú lè gbàdúrà yìí láìtijú.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Bàbá mi, ẹ bi mí pé ìgbàgbọ́ mi dà. Ó wà nínú okùn yẹn, sà. Mo gbàgbọ́ pé ẹ̀mí yín jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀bùn rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, bí a bá dé etí omi, èmi fúnra mi ni n ó kúnlẹ̀ níwájú yín láti bá yín dè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n dìde láìdè é.

Kí Olúwa tí ó rìn lórí omi mú wa lọ ní àlàáfíà, kí ó sì mú wa bọ̀ láìdín kan. Àmín.

Èmi ni, arábìnrin yín nínú Olúwa,
Òǹkàwé àti nọ́ọ̀sì ìjọ yín.